Ràmọ́nù Lọ Gba Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Padà

Kò sí atẹ̀wé tí ẹnu rẹ̀ dùn tó ti Ràmọ́nù ní gbogbo Ṣómólú. Ẹni tó fẹ́ ta ọṣẹ, ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn hun ọ̀rọ̀ tó máa wà lórí pósítà.

Nígbà tí Ikúmápàyí, aṣojú àwọn tó ń ṣe ọtí Gbẹ̀dẹ̀, gbéṣẹ́ wá, Ràmọ́nù tí ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ rí ló jókòó, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì kọ ọ́ pé: "Gbẹ̀dẹ̀ lọ́fun, gbẹ̀dẹ̀ lára! Ẹni bá mu ún, ayé á gbẹ̀dẹ̀ fún un." Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí pósítà náà fi kún ojú ọ̀nà Pedro. Àwọn ọmọdé ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọrin fo okùn. Inú Ràmọ́nù ń dùn bí ti ẹni tí orin rẹ̀ gbòde.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń wá bírò nínú báàgì Fareedah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́tàlá. Ọ̀rá ọtí Gbẹ̀dẹ̀ kékeré ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Fareedah! Kí lèyí?"

"Èmi àti Munirat ọ̀rẹ́ mi la ni ín, Bàbá. A fẹ́ pín in mu láàárọ̀ Mọ́ńdè, ká tó wọlé ìdánwò."

"Ṣé o ò mọ̀ pé ọtí ni?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ayé á gbẹ̀dẹ̀ fún ẹni bá mu ún. Ẹ ò sì parọ́ fún mi rí."

Ràmọ́nù ju ọ̀rá náà sórí tábìlì. Kò nà án. Ọwọ́ wo ni ì bá fi nà án?

"Irọ́ ni mo pa," ló sọ. "Mi ò tọ́ ọ wò rí. Ohun tó dùn létí ni mo kọ."

Fareedah gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ wá lọ sọ fún Munirat fúnra yín. Kò ní gbà mí gbọ́."

Ràmọ́nù bá a lọ, ó sì sọ ọ́ lójú Munirat àti ìyá rẹ̀. Munirat tẹ̀ lé wọn jáde. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ló rí pósítà mẹ́rin lára ògiri ilé ìwé àwọn ọmọ náà, tí wọ́n kọjú sí ẹnu géètì. Ó lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọ̀bẹ, àwọn ọmọ méjèèjì sì bá a ha wọ́n kúrò.

"Bàbá Fareedah," ni ìyá ẹlẹ́ja kan tó ń kọjá lọ wí, "ṣebí ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn ni, mà," ni Fareedah dáhùn. "Wọ́n wá gba ọ̀rọ̀ wọn padà ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹja kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ikúmápàyí ti pe Ràmọ́nù lórí fóònù pé iṣẹ́ tuntun tún dé.

"Ẹ má bínú, ẹ wá ẹlòmíràn," ni Ràmọ́nù wí. "Ọmọ mi ti ń ka ohun tí mò ń kọ."

Nígbà tí ògiri mọ́ tán, ó ra àgbàdo sísun fún wọn, wọ́n jókòó sábẹ́ ibòji. Fareedah mú ìwé sáyẹ́ǹsì jáde nínú báàgì rẹ̀ nítorí ìdánwò Mọ́ńdè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè. Ràmọ́nù kò mọ ìdáhùn ẹyọ kan nínú wọn. Munirat ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Ràmọ́nù náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ.