Ọ̀nà Àárín Ilé Àdúrà

Ilé-ìwé ìjọ Elétò, ìyẹn Mẹ́tọ́díìsì, yìí ti wà kí baba-ńlá àwọn ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ tó dáyé. Tọmọkùnrin tọmọbìnrin ló ń gbé inú ọgbà rẹ̀, kálukú nílé tirẹ̀. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Nínú ilé àdúrà, ọkùnrin a jókòó sápá òsì, obìnrin sápá ọ̀tún, ọ̀nà oníbíríkì pupa a sì là wọ́n láàárín. Àwọn olùkọ́ pàápàá ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá kọjá sódìkejì nígbà ìsìn, tó bá di Sátidé, òun ni yóò kúnlẹ̀ fọ ọ̀nà náà láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ẹsẹ̀ pẹpẹ. Màtírọ́nù ló ń mójú tó ìyà yẹn, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ọkọ Màtírọ́nù ni Olùkọ́ Ìṣirò. Inú ọgbà yìí ni wọ́n ti jọ ṣe ọmọ ilé-ìwé, iwájú pẹpẹ yẹn ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ọdún méjìdínlógójì sì rèé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Àfi ọjọ́ ìgbéyàwó wọn nìkan, wọn ò jókòó pọ̀ rí nínú ilé àdúrà náà. Ọkọ a wà lósì, ìyàwó a wà lọ́tùn-ún, wọ́n a máa wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra sọ́nà.

Àmọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn ni ojú Olùkọ́ ti ń ṣe bàìbàì, tó fi jẹ́ pé aṣọ funfun ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń rí lódìkejì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ìyàwó pàápàá. Ọdún yìí ló máa fẹ̀yìn tì, ó sì ti pinnu pé òun á fi ẹsẹ̀ ara òun jáde ní ọgbà yẹn, wọn ò ní í fa òun lọ́wọ́. Ọgbọ́n ò kúkú tán nínú rẹ̀. Ní kíláàsì, á ní kí ọmọ máa ka iṣẹ́ tó ṣe sókè. "Kà á kí n gbọ́! Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í fi pa mọ́." Àwọn ọmọ rò pé ìlekoko lásán ni. Orin Elétò ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Á ṣí ìwé orin sílẹ̀, á sì kọrin ju ẹni tójú rẹ̀ mọ́ lọ.

Ọjọ́ Àìkú ìdágbére wá dé. Àṣà wọn ni pé olùkọ́ tó ń lọ ló máa ka Bíbélì, Olùkọ́ sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta há sáàmù sórí nínú balùwẹ̀. Ó dúró síwájú lápá òsì, ó kà á geere, kò ta kókó kankan. Ó ti fẹ́ máa padà sí àyè rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Àgbà, tóun náà jẹ́ ọmọ tí Olùkọ́ kọ́ ní ìṣirò nígbà kan, dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ dúró níbẹ̀, sà. Lẹ́tà kan dé láàárọ̀ yìí látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín àtijọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kà á fún wa."

Ló bá fi bébà náà sí i lọ́wọ́.

Olùkọ́ gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Bébà náà funfun, kò sì rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ló fẹ́ sun. Ibi tí àṣírí máa tú sí nìyí, lójú gbogbo ọmọ tó ti sọ fún pé ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í fi pa mọ́.

Ìgbà náà ló gbọ́ ìró bàtà láti apá ọ̀tún. Ó mọ ìrìn yẹn. Bàtà náà dé orí bíríkì pupa, kò dúró, ó kọjá.

"Yéè! Màtírọ́nù ti kọjá!" Ọmọbìnrin kan ló sọ ọ́, kò mọ̀ pé ó jáde lẹ́nu òun.

Màtírọ́nù dúró ti ọkọ rẹ̀, èjìká kan èjìká. Kò gba bébà náà. Ó kàn rọra yí i padà, torí Olùkọ́ ti dorí rẹ̀ kodò, ó wá sọ ọ́ sí i létí pé, "'Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n.' Ó yá, ẹ wí i."

"Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n!" ni Olùkọ́ ké.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kà á bọ̀, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó dé ìdajì, Màtírọ́nù dákẹ́.

"Kí ló kàn?"

"Ẹ jẹ́ ká fo ibí yìí."

"Kà á, jàre."

"'Ẹ bá wa bi Màtírọ́nù bóyá wọ́n ṣì ń fìyà jẹ ẹni tó bá kọjá sódìkejì.'"

Olùkọ́ ké gbólóhùn yẹn sókè ju gbogbo tó kù lọ. Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀, Màtírọ́nù náà fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, Olùkọ́ ò lè jẹun.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti tó ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti dorí ìwé orin kodò tí mò ń wò yín lódìkejì?"

"O ò sì sọ nǹkan kan!"

"Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Mo ní ẹ ó sọ fún mi tó bá yá, kò sì yá títí. Ó dùn mí o, Bàbá wọn." Ó fa imú. "Ọ̀la la máa lọ rí dókítà ojú. Mi ò bẹ̀ yín o, mo ń sọ fún yín ni."

Ojú ti Olùkọ́, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

Ní Sátidé, àwọn ọmọ rọ́ sí ojú fèrèsé ilé àdúrà. Màtírọ́nù ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, tòun ti korobá àti búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá Àgbà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

"Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bà. Tèmi ló bà mí yìí. Ẹ jẹ́ n gbowó ọjà mi."

Kò pẹ́ tí Olùkọ́ fi wọlé, ó ń fọwọ́ tọ bẹ́ǹṣì wá. Òun náà kúnlẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe? Ẹ̀yin ò kúkú kọjá."

"Èmi ni mo jẹ́ kó o kọjá. Gbé búrọ́ọ̀ṣì kan fún mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. "Ẹ fo ibì kan," ni Màtírọ́nù wí. "Níbo?" ni Olùkọ́ bi í. Màtírọ́nù mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀.

Wọ́n fọ̀ ọ́ dé ẹsẹ̀ pẹpẹ, ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́sí. Eékún ń ro wọ́n, wọ́n bá jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì iwájú.

"Apá wo la wà yìí?" ni Olùkọ́ bèèrè.

"Apá òsì ni."

"O tún ti kọjá nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kó di Sátidé tó ń bọ̀," ni Màtírọ́nù wí, kò sì dìde.