Ẹgbẹ́ Ni Wá

3.

…tí wọ́n sì fi yọ wá lẹ́gbẹ́. Bí Láyí ṣe gbọ́ ọ nínú rédíò nìyẹn, ní 1995: àwọn òyìnbó ní kí Nàìjíríà ṣì bọ́ sẹ́yìn ná nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ gàba lé lórí rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Lálúpọn ni Láyí. Ojú tì í bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n lé.

(Ẹ má bèèrè 1 àti 2. Láyí ti fà wọ́n ya.)

4.

ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀, ÌYÀNÀ Ọ̀FÀ
Ọ̀rẹ́ tuntun ń bọ̀ láti Indonéṣíà wá wo iṣẹ́ gàrí.
KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ TỌRỌ NǸKAN.
Orílẹ̀-èdè ńlá ni wá.

7.

Láyí ṣàlàyé fún àwọn obìnrin pé ayé kì í ṣe ti òyìnbó nìkan mọ́. Òyìnbó ló jẹ gàba lé àwọn tó ń bọ̀ yìí náà lórí rí. Wọ́n ní epo, wọ́n ní ẹ̀gẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kúnlẹ̀ kí wọn. Orí ìdúró ni.

8.

ÌYÁ ÀYÀNBÙNMI (olórí wọn): Láyí, sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ ni wá.
LÁYÍ (lédè òyìnbó): Wọ́n ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni àwọn.
ÀLEJÒ: Kí ni ẹgbẹ́ yín nílò?
LÁYÍ: Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, sà.
ÌYÁ ÀYÀNBÙNMI: Kí ni wọ́n wí?
LÁYÍ: Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹgbẹ́ ni wá.

8, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kì í ṣe àṣìgbọ́. Láyí mọ̀ pé ọgbọọgba ni Ìyá ní lọ́kàn.

9.

Ẹ̀rọ wọn àtijọ́ ti kú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ìka Ìyá sì ti bó. Àánú wọn ló ṣe Láyí. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀, ojú sì ń tì í ní ìhòòhò.

12.

Ẹ̀rọ dé. Wọ́n kọ̀wé sí i lára lédè òyìnbó:

ỌRẸ FÚN ÀWỌN ALÁÌNÍ

Ìyá ní kí Láyí ka ohun tí wọ́n kọ. Ó kà á pé: “Sí àwọn ẹgbẹ́ wa.”

Inú Ìyá dùn. Ó nawọ́ sí àpò gàrí mẹ́ta lẹ́bàá ògiri, ó ní àwọn ti dá a jọ, àwọn náà yóò fi ṣọrẹ padà fún àwọn àlejò náà. Ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé Láyí lọ́wọ́.

ÌYÁ ÀYÀNBÙNMI: Kọ ohun kan náà sí àpò wọ̀nyí lára lédè òyìnbó. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ wọn ló fi ránṣẹ́.

13.

Láyí kúnlẹ̀ ti àpò àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Ọ̀dà ń kán sílẹ̀.