Òwú Àga Lójú Ìjì

Ẹni tó bá fẹ́ gbé káìtì sókè kò gbọdọ̀ fi ìbínú yan òwú. Èmi Mùízz, tí mo ń rán àga ní Ìbàfò, ìbínú ni mo fi yan tèmi.

Bí afẹ́fẹ́ bá rọra ń fẹ́, òwú ìránṣọ lásán ti tó. Ẹ lè tú u títí káìtì yóò fi kéré bí ewé lójú yín, torí òwú tó bá wúwo á máa fà á wálẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ mú èyí tó nípọn díẹ̀, kí ẹ sì dín gígùn rẹ̀ kù, nítorí afẹ́fẹ́ òkè le ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yi ju ọwọ́ yín lọ. Òwú ni kó kọ́kọ́ já. Bí òjò bá ṣú, ẹ ká gbogbo rẹ̀, ẹ gbalé lọ. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe.

Ògúnkànmí ló bí mi nínú. Wẹ́dà ni, láti Ìfọ̀ ló ti máa ń wá bá wa díje lọ́jọ́ kejì Iléyá, lórí pápá tí katapílà ro lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwa àgbàlagbà ni o, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má rò pé ọmọdé ni. Ẹni tí òwú rẹ̀ bá gé ti ẹnìkejì ló borí. Lọ́dún tó kọjá, ó gé tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá sọ lójú Toyyibah, ìyàwó mi, pé ọwọ́ mi ò wúlò ju kí n máa fi tìmùtìmù sábẹ́ ìdí àwọn èèyàn lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Toyyibah náà rẹ́rìn-ín. Odidi ọdún kan, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́dún yìí, mo mú òwú tí a fi ń rán àga, ọ̀rá tó yi bí iṣan màlúù, mo tún fi àbẹ́là pa á. Toyyibah, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wò ó.

"Dádì Muslimah, èyí le jù o. Ẹ wo ojú ọ̀run lápá Ọ̀fàdà, ó ti ń ṣú."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni?"

Mo tú òwú náà tán pátá. Kò pẹ́ rárá, mo gé ti Ògúnkànmí bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ilá. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Ògúnkànmí ju igi òwú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Òjóró! Òwú àga ló lò! You no fit win me clean, lailai!"

Mo na òwú sí Toyyibah. "Di èyí mú. Má jẹ́ kó lọ o!" Mo sì kọjú sí ọkùnrin náà.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bà á lẹ́nu. Ó fi orí gbá mi nímú, ẹ̀jẹ̀ bẹ́. A ṣubú sínú iyẹ̀pẹ̀ pupa, mo gun àyà rẹ̀, mo ń lù ú. Mo gbọ́ nígbà tí eyín rẹ̀ kan kán. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ìgbà náà ni ìjì dé, páànù ṣọ́ọ̀bù ń lu gbàgàgbàgà, mo sì gbọ́ ohùn Toyyibah.

"Dádì Muslimah! Dádì Muslimah o!"

Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí kí n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ ni. Ìyẹn tún wá bí mi nínú sí i. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin sí i.

Ògúnkànmí ò gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Ó ń nawọ́ sẹ́yìn mi. "Ìyàwó ẹ! Ìyàwó ẹ!"

Mo yíjú. Toyyibah ti wé òwú náà mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó máa wé e tó bá fẹ́ fa ojú rírán le lára àga. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà di òwú yẹn mú. Ìjì ń fi káìtì wọ́ ọ lórí eékún la pápá kọjá, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo sáré débẹ̀, mo fi eyín gé òwú náà, kò já. Mo fi ọwọ́ fà á, ó la àtẹ́lẹwọ́ mi. Ògúnkànmí, tòun ti ẹnu tó ti wú, ló fa abẹ tó fi ń gé bébà káìtì yọ lápò, tó gé e. Káìtì náà gba apá ojú títì ẹsiprẹ́ẹ̀sì lọ, ẹnikẹ́ni ò wò ó.

Ìka Toyyibah méjì ló lọ, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ló fi ń di abẹ́rẹ́ mú.

Ní ọsibítù ní Mowé, wọ́n ti di ọwọ́ náà, Toyyibah ò sì sunkún mọ́. Ó yíjú sí mi.

"Dádì Muslimah, ṣé ìjì yẹn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nígbà tí mò ń pè yín?"

Ká ní mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ì bá gbà á. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ gbà á.

"Mo gbọ́," ni mo wí.

Ó kọjú sí ògiri.