Owó Orí Bátìrì

Ẹ sún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ̀yin aboyún mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ yín wò. Mo lá àlá kan mọ́jú òní, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi. Bí mi ò bá rọ́ ọ jáde, màá fi ìkanra mọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ṣẹ̀ mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ nípa bátìrì wa. Ẹja tí ẹ yan, edé tí ẹ sá, òun la fi dáwó jọ tí a fi ránṣẹ́ rà á ní Ṣáínà, kí ilé ìgbẹ̀bí yìí lè ní iná lóru. Páńẹ̀lì tó ń gba oòrùn ti wà lórí òrùlé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n láìsí bátìrì tí yóò tọ́jú iná náà pa mọ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí. Ọmọ kì í sì í wo aago kó tó wá sáyé. Iná fóònù ni mo fi ẹnu gbá mú nígbà tí mo gbẹ̀bí kẹ́yìn, tí itọ́ ń dà sí mi láyà. Mosúnmọ́lá tó jókòó sí igun yẹn, ìbejì ló wà níkùn rẹ̀, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Bátìrì ọ̀hún ṣì wà ní èbúté, lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè tí kò tíì tú u sílẹ̀.

Ó dára. Nínú àlá, mo bá ara mi ní èbúté náà, nínú aṣọ iṣẹ́ mi yìí. Ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè léfòó lójú omi, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga ọ̀gá wọn kó má baà ṣí lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ṣebí ilé tiwa náà, orí omi ló wà. Bátìrì wa jókòó sórí ẹní láàárín ilé, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú bí ìyàwó. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ kú ọ̀nà, ìyá ọkọ mi," ó ní. "Ẹ tètè wá mú mi lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ iná gbẹ̀yìn."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìdána la wá ṣe, pé páńẹ̀lì orí òrùlé wa sì ni ọkọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí òun náà, ó ti tẹ̀lé mi wá. Fádèyí, àjẹ́ǹtì tó ń bá wa gba ẹrù, ti wé gèlè, ó di alága ìdúró wa. Gèlè náà sì yẹ ẹ́.

Wọ́n gba owó ìkanlẹ̀kùn, a san. Wọ́n gba owó ìṣílẹ̀kùn, owó ìyá gbọ́, owó bàbá gbọ́, a san. Àwọn akọ̀wé wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n, tò sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ni ìyàwó ilé, kí á fún àwọn ní tàwọn. A san ìyẹn náà. Wọ́n ní kí ọkọ dọ̀bálẹ̀. Páńẹ̀lì kò kúkú mọ nǹkan mìíràn ṣe tẹ́lẹ̀, ó nà gbalaja. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní kó dìde kó tún un ṣe, torí dọ́là ti gòkè láti ìgbà tó ti wà nílẹ̀. Ó dìde, ó tún un ṣe. Dọ́là tún gòkè. Nígbà tí a ṣe gbogbo èyí tán, wọ́n ní ó ku owó ìdúró, pé a ti pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bi wọ́n pé ta ló dá wa dúró. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n fi sùúrù ṣe é, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bínú. Mo nawọ́ sí ìyàwó tó ń wúkọ́ lábẹ́ aṣọ.

"Èyí ló ń bàjẹ́ yìí," mo ní. "Bátìrì tí kò bá jẹ iná, díẹ̀díẹ̀ ló ń kú. Nílé tiwa, bàbá ìyàwó á gba owó orí, á dá a padà, á ní òun kò ta ọmọ. Ta ni bàbá rẹ̀ nínú yín? Kó dìde, kó dá owó wa padà."

Kò sẹ́ni tó dìde. Èkíní nawọ́ sí èkejì, èkejì nawọ́ sí ẹ̀kẹta. Bí wọ́n ṣe ń nawọ́ ni ọwọ́ wọn ń di pátákò, tí ìwo ń yọ, títí gbogbo wọn fi di ewúrẹ́. Ọ̀gá di òbúkọ ńlá kan, ó sì ń rùn. Ó gba rìsíìtì wa, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó wá ní kí n mú rìsíìtì wá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo bú u tìyá-tìyá.

Mo bá gbé ìyàwó pọ̀n. Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò pa. Mo gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, a forí lé ilé. Ewéko ti dí ojú omi, ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan sì dúró lórí ewé, ó na okùn dí ọ̀nà, ó ń béèrè owó ìsìnyàwó. Mo ń san, mo ń ṣépè.

Nígbà tí a máa fi gúnlẹ̀, ọkọ̀ ti di bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, Mosúnmọ́lá wà lórí rẹ̀, ó ń rọbí. Oòrùn já bọ́ sínú òkun. Oníṣẹ́ iná ti wà níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. Ó ní ilé orí òpó kò lè gbé bátìrì yìí, àfi kí a ri òpó tuntun. Ó ní afẹ́fẹ́ oníyọ̀ yóò jẹ wáyà, àfi kí a ra irú èyí tí iyọ̀ kì í jẹ. Pákó ilẹ̀ náà lanu, ó ní kí a má gbàgbé tòun. Pákó tí mo ń fọ̀ láràárọ̀!

"Ẹ so ó bẹ́ẹ̀," mo ní. "Orí ọmọ ti yọ."

A ṣí aṣọ lójú ìyàwó. Arúgbó ni. Irun rẹ̀ ti funfun, eyín ti ká.

"Ẹ má bínú, ìyá ọkọ mi," ó ní. "Ilé bàbá ni mo gbó sí."

Ó tan iná bíi ti tanátaná, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó kú. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú nínú òkùnkùn, mi ò mọ ibi tí ọmọ wà.

Bí mo ṣe jí nìyẹn, ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà. Ilẹ̀ ti mọ́, fóònù ń dún. Fádèyí ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú oríire, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ku owó ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀." Mo bi í bóyá ẹni náà ní ìwo. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára.

Owó ọ̀hún wà nínú àpò mi yìí. Mosúnmọ́lá, dìde. Lọ di ẹrù rẹ, ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú orí ilẹ̀ kò ní pẹ́ gbéra, ọsibítù tó níná wà lọ́hùn-ún. Mi ò ní fi ọwọ́ wá ìbejì nínú òkùnkùn. Gbà, owó ilẹ̀kùn wọn nìyí, fi san owó ọkọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wọn ikùn yín, kí n mọ iye ọjọ́ tó kù kí ẹ tó bí.