Ẹyin Iná Nínú Kànga

Ọlábímtán kúnlẹ̀ létí kànga ilé ìjọsìn ní Ìyàrá, ó gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ló so agolo ẹyin iná mọ́ okùn, ó ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lánàá, inú kànga yìí gan-an ni wọ́n ti tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, odindi ọ̀sán ni èéfín rẹ̀ fi ń rọ́ síbẹ̀. Andrew, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti dolóògbé, ti so okùn mọ́dìí. Òun ni yóò wọlẹ̀ lọ kó ẹrẹ̀.

Ẹyin iná pọ́n dé ìdajì. Bó ti sún mọ́ ìsàlẹ̀, ó ṣú, ó kú.

Andrew rẹ́rìn-ín, ó kí iná tó kú náà bí wọ́n ti ń kí èèyàn ní Ìyàrá: "Okun o, ẹni òtútù ń mú. Baba, omi ló ta sí i. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, a ṣáà ti gbàdúrà."

"Àdúrà la gbà. Ìdáhùn rẹ̀ lo ń wò yẹn."

Ọlábímtán fà á sókè. Gbígbẹ ni ìdí agolo. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, èédú tún pọ́n rẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni iná kò ti rí èémí mí.

Ọmọ agbẹ́lẹ̀-kan-omi ni wọ́n ń kì wọ́n nílé wọn, ọmọ abẹ̀rẹ̀-wò-kó-tó-wọ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí kò ti lè dáhùn oríkì náà.

"Jókòó. Ohun tí o sọ yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ní Ìkòyí, lọ́jọ́ tí Michael bàbá rẹ kú. Ẹyin iná kú báyìí lójú mi. Mo ní omi ló ta sí i. Mo ní kó máa lọ."

"Wọ́n ní okùn ló já."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò ju mọ́kànlá lọ."

Andrew dìde. Ó tú okùn ìdí rẹ̀, ó lọ ṣẹ́ ẹ̀ka igi eléwé, ó so ó mọ́ okùn náà, ó sì ń fà á sókè sódò nínú kànga kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀, títí oòrùn fi kàn tàrí. Ó wá na ọwọ́ gba agolo. Ó fẹ́ iná náà fúnra rẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Ó tún ṣú.

"Kò tíì pọ́n délẹ̀, Baba," Andrew wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká dúró."

Ọlábímtán gbọ́ ọ. Ó ṣì pè é ní Baba.