Aṣọ Òwú Tó Gba Ojú Èèyàn

“Renae! Ta ló fọ ojú ọkọ mi nù?”

Ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ni Renae gbọ́. Ó ti gbàgbé pé òun sá nǹkan síta. Ó ju ọ̀bẹ tó fi ń bó ápù sílẹ̀, ó sáré jáde.

Màmá Albina ló dúró sí ìdí okùn aṣọ. Ó fi ọwọ́ kan gbára lé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó fi èkejì di etí gígé aṣọ funfun kan mú. Fọ́tò Orval, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ni Renae fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ sára aṣọ náà kó tó fọ̀ ọ́: Orval pẹ̀lú fìlà oko rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n mọ́. Ní báyìí, fìlà nìkan ló kù. Ibi tó yẹ kí ojú wà ti di àbàwọ́n bí ìgbà tí tíì dà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ máà bínú. Mo fẹ́ fi ṣe yín ní kàyéfì ni.”

“Kàyéfì náà ti ṣe mí. Látìgbà tí Orval ti kú, n kò rí i kó pòórá báyìí rí.”

Renae kò mọ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà òtútù tí Màmá Albina ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé lẹ́ẹ̀mejì ni dókítà ti sọ pé kò yẹ kó máa gun òkè mọ́. Lyle, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọkọ Renae, ti bá a gba yàrá kan ní ilé àwọn àgbà ní ìlú Crete, níbi tí kò jìnnà sí oko wọn. Yàrá náà dára, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, etí Màmá Albina á di lójijì. Ó lè gbọ́ bí ológbò ṣe ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ Crete.

Renae wá rò ó pé bí ilé kò bá lè bá ìyá lọ, ojú àwọn ará ilé lè bá a lọ. Aṣọ ìbora alátòpọ̀, èyí tí wọ́n máa ń to gígé aṣọ kéékèèké pọ̀ rán, kí wọ́n tó tẹ́ òwú sáàárín rẹ̀, ni iṣẹ́ ọwọ́ Màmá Albina kí ojú rẹ̀ tó ṣe bàìbàì. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní gbogbo agbègbè wọn ní Nebraska tí kò sùn lábẹ́ ọ̀kan rí. Renae fẹ́ ran irú rẹ̀ fún un, kó jẹ́ pé fọ́tò ló máa wà lórí gígé kọ̀ọ̀kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Renae kò mọ aṣọ rán. Màmá Albina fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé bọ́tìnì tí Renae bá rán, ilẹ̀ ni kí èèyàn ti máa wá a.

“Irú aṣọ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?” ni ìyá náà béèrè.

“Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni. Tuntun ni o, wọ́n ń tà á lọ́pọ̀.”

Màmá Albina fi àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ ra aṣọ náà lẹ́bàá etí rẹ̀. “Pọ́lísítà, òwú oníke yẹn, wà nínú ẹ̀. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún? Aṣọ tó bá ń dún báyìí kì í mu omi, áńbọ̀sì kó mu yíǹkì. Ńṣe ni yíǹkì kàn jókòó lé e lórí bí àlejò tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Omi ní ‘jẹ́ ká lọ,’ òun náà dìde.”

“Mo ṣe òmíràn,” ni Renae sọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. “Òwú pọ́ńbélé ni ìyẹn.”

“Gbé e wá ká rí i.”

Renae mú un jáde. Aṣọ òwú tí wọn kò tíì sọ di funfun ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti wàrà, èèpo horo òwú sì ṣì wà lára rẹ̀ wínníwínní. Fọ́tò ìgbéyàwó Blanche, àbúrò Màmá Albina, ló wà lórí rẹ̀. Ìyá náà gbé e súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Ta ló kó èéyi ran Blanche lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀?”

Renae ti fẹ́ sunkún tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà bá a rín in títí ó fi di òpó okùn mú. Lyle, tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀rọ pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀, dúró, ó ń wò wọ́n.

“Kí lẹ̀ ń fi mí rín?”

“Bàbá ẹ ló ti ṣí lọ,” ni Màmá Albina dáhùn. “Lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ gbé mi lọ sí ìsọ̀ Doreen.”

Lyle wo ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣubú ni ìyá náà ti kọ̀ tí kò fẹ́ jáde lọ síbì kan yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lyle gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ mú kọ́kọ́rọ́.

Doreen Pospisil ló ń ta aṣọ àwọn aránṣọ-ìbora ní ilé tó jẹ́ báńkì nígbà kan. Bó ti rí Màmá Albina lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo.

“Màmá Albina! Wọ́n ní ẹ ò rìn mọ́!”

“Ẹsẹ̀ ni mi ò fi rìn dáadáa. Owó mi ṣì ń rìn. Fún mi ní aṣọ tó gba ojú èèyàn.”

Doreen gbé ìdì kan wá tó funfun débi pé ó ń ta sí búlúù. Màmá Albina gbóòórùn rẹ̀, ó tì í padà. “Sítáàṣì ni, pẹ̀lú oògùn tó ń jẹ́ kó máa dán. Yíǹkì ò ní rí ibi wọlé.”

“Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, á lọ.”

“Bó bá lọ. Bí kò bá lọ ńkọ́? Gbé òmíràn wá.”

Àwọ̀ èyí tó tẹ̀ lé e dà bí eyín erin, ó rọ̀, ó sì lẹ́wà. Renae fi ọwọ́ pa á. “Màmá, ṣé èyí ò dáa? Kò le jù, kò sì funfun jù. Ó máa jọ fọ́tò àtijọ́.”

“Fọ́tò àwọn àgbà nìkan ló máa yẹ. Bí o bá tẹ àwọn ọmọ ìsinsìnyí sórí ẹ̀, gbogbo wọn á pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Gbọ́ mi, Renae. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín yẹn, ṣé yíǹkì funfun wà nínú ẹ̀?”

Renae ronú. “Rárá. Kò sí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Nígbà náà, funfun ẹyinjú, funfun eyín, àti irun orí mi yìí, ibo ló ti ń wá? Aṣọ ló ń pèsè ẹ̀. Bí aṣọ bá pọ́n, eyín gbogbo ìdílé pọ́n nìyẹn.”

Doreen pàtẹ́wọ́. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé ìdì kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde, aṣọ òwú funfun tó ń tà fún àwọn tó ń pa aṣọ láró. Kò dán, kò ní òórùn kankan. Fọ́nrán rẹ̀ tínrín, wọ́n sì hun ún pọ̀ dáadáa. Màmá Albina gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Doreen, dúró sẹ́yìn ẹ̀. Na ọwọ́ sókè. Mi ò rí ọwọ́ ẹ, aṣọ náà ò fẹ́lẹ́. Ó dáa.” Ó gba abẹ́rẹ́, ó gún un wò, abẹ́rẹ́ sì wọlé láìjà. “Òmíràn wà tí wọ́n á hun ún pọ̀ jù, ó máa dà bí ìgbà tó o bá ń rán awọ. Èyí ò jà. Gé e fún mi.”

Nílé, Màmá Albina jókòó bí ọ̀gá, Renae ń sáré bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fọ aṣọ náà nínú omi gbígbóná láìfi ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Wọ́n lọ ọ́. Renae fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí alápatà fi ń wé ẹran, tó ń dán lójú kan, kó lè le tó láti gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ẹ̀rọ náà kùn, ó gbé e mì díẹ̀díẹ̀, Orval sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde lápá kejì, fìlà ló ṣáájú.

“Ó ti jáde, Màmá! Ẹ wo ẹ̀rín ẹ̀!”

“Ti àkọ́kọ́ náà jáde. Jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fọ̀ ọ́ níṣojú mi.”

Nígbà tó gbẹ dáadáa, Renae ti Orval bọ inú abọ́ omi tútù. Lyle wá dúró lẹ́yìn wọn, kò mu kọfí rẹ̀ mọ́. Omi náà kọ́kọ́ yí padà díẹ̀ bí ẹni pé èéfín kọjá níbẹ̀. Renae dà á nù, ó bu òmíràn. Omi kejì mọ́ lóló. Orval ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ abọ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín.

Màmá Albina na ọwọ́, ó gba aṣọ tútù náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Ó gbójú sókè.

“Àwọn wo ló kù?”

Inú Renae dùn. Ó to àwọn fọ́tò tó ti ń ṣà jọ sórí tábìlì: bàbá àti ìyá Màmá Albina, Blanche, Otto mọ̀lẹ́bí wọn, pásítọ̀ àtijọ́, ajá wọn tó ń jẹ́ Rex. Ìyá náà ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Nínú gbogbo wọn, èwo ló máa lè wá kí mi?”

Renae tún wo àwọn fọ́tò náà.

“Òkú lo kó jọ, Renae. O fẹ́ kí n lọ síbi tí n kò mọ ẹnì kankan, kí n tún wá máa sùn lábẹ́ òkú. N ó máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò ní dáhùn, àwọn nọ́ọ̀sì á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Orval lè dúró, òun ò ní ibòmíràn. Rex náà lè dúró. Àwọn tó kù, ẹ dá wọn padà sínú páálí, ká wá alààyè lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lórí aṣọ mi kò ní àwáwí. Bí kò bá wá, mo máa jókòó lé e.”

Lyle la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Renae fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìyá náà ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ń lọ, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀ káàkiri. Wọ́n ya fọ́tò obìnrin tó ń ṣe irun ìyá náà níbi tó ti mú síṣọ́ọ̀sì dání. Wọ́n ya ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà. Wọ́n ya Lyle lórí katakata. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta tó lọ sí oko Emil Vondra, Màmá Albina ní, “Yà síbẹ̀.”

“Emil kẹ̀?” ni Renae béèrè. Láti ìgbà tí Emil ti gé igi eléso márúbẹ́rì tó wà ní ẹnu ààlà oko wọn ni òun àti Màmá Albina kò ti kí ara wọn mọ́.

“Mo ní o yà síbẹ̀.”

Emil jáde sí ẹnu ọ̀nà. “Albina. Kí lo wá ṣe?”

“Mo wá ya fọ́tò rẹ.”

“Fún ọlọ́pàá?”

“Fún aṣọ ìbora mi.”

Emil fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. “Ní ọjọ́ orí wa yìí? O fẹ́ gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ? Kí làwọn èèyàn á sọ?”

“Apá ẹsẹ̀ ni mo máa gbé ọ sí. Dúró dáadáa, má fajú ro bí ẹni tó gé igi olóko.”

Emil bú sẹ́rìn-ín, Renae sì yà á níbẹ̀ gan-an, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Lẹ́yìn náà ni ojú ọkùnrin náà yí padà. “Ṣé lóòótọ́ lo ń lọ?”

Màmá Albina wo àgbàdo tó ti gbẹ, tó ń dún nínú atẹ́gùn. “Àtẹ̀gùn ilé yẹn ti bá mi ṣọ̀tá, Emil.”

“Àwọn tó wà níbẹ̀ ò mọ káàdì ta, mo ti débẹ̀ rí.”

“Wá kọ́ wọn, nígbà náà.”

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, Màmá Albina gba fóònù lọ́wọ́ Renae. “Ó ku ìwọ.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa ń dijú nínú fọ́tò.”

“Má wò mí. Wo ọ̀nà.” Ó tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò náà wọ́, ìka ìyá náà sì bo igun kan. Renae fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ìyá náà gbá a lọ́wọ́. “Fi ìka yẹn sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n á fi mọ ẹni tó yà á.”

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n to gbogbo gígé náà sórí tábìlì ilé ìdáná. Ẹyinjú àwọn èèyàn funfun, eyín wọn mọ́, Emil wà lápá ẹsẹ̀. Àlàfo kan ṣoṣo ló kù láàárín. Renae mú fọ́tò ilé wá, ilé funfun náà pẹ̀lú igi rẹ̀ àti àtẹ̀gùn iwájú rẹ̀.

“Mo fi èyí pamọ́ fún ìkẹyìn, Màmá.”

Màmá Albina fọwọ́ pa fọ́tò náà, ó sì dá a padà fún un. “Ìwọ ló ń gbé ibẹ̀. Fi aṣọ funfun lásán síbẹ̀ fún mi.”

“Lásán? Aṣọ dáadáa bẹ́ẹ̀ láìní ojú kankan?”

“Aṣọ tó lè gba ojú ni, kò kánjú. Mi ò tíì mọ ẹni tí a máa jọ máa jà ní Crete.”

Renae gé aṣọ náà. Ìyá náà na ọwọ́, ó ní kó fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fún òun. Ó fi orí ìka wá etí aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán an, díẹ̀díẹ̀, láìwò ó. Lyle wọlé, ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀.

“Màmá, ọjọ́ wo ni ká máa kó ẹrù?”

Etí Màmá Albina kò di lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa òwú náà, ó so kókó sí i.

“Jẹ́ kí n rán èyí tán ná,” ni ó wí.