Ṣáláńgá Dwarka

Inú ń run Sugandha láti ìgbà tí wọ́n ti jẹun ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn obìnrin abúlé ń kó ara wọn jọ lọ sẹ́yìn oko láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dá lọ mọ́ láti ìgbà tí àmọ̀tẹ́kùn ti gbé ewúrẹ́ Hirabai aládùúgbò wọn wọ inú oko ìrèké. Ṣùgbọ́n inú rírun kò mọ ìrọ̀lẹ́, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀.

Ṣáláńgá wà nínú àgbàlá wọn. Ìjọba ló kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá. Ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná ni Dwarka, ìyá ọkọ rẹ̀, tò sínú rẹ̀ dé òrùlé. Nígbà tí Sugandha kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó o kúrò, ìyá náà bi í pé ṣé iwájú igi tulsi tí òun ń bọ láràárọ̀ ni ènìyàn yóò ti máa yàgbẹ́. Ó ní bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé baba rẹ̀. Bhimrao ọkọ rẹ̀ kò dá sí i.

Sugandha gbé agolo omi, ó dá jáde.

Etí oko ló lóṣòó sí. Àwọn ẹyẹ ń pariwo nínú ìrèké, àfi bí gbogbo wọn ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé gbígbẹ dún nílẹ̀. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ewé òkè kò mì. Ìgbà náà ló rí ojú méjì láàrin igi ìrèké, wọn kò ga ju ojú tirẹ̀ lọ.

Hirabai ti sọ fún wọn pé ẹranko náà kì í mọ ènìyàn tó bá lóṣòó yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Sugandha di ikùn mú, ó rọra dìde. Ó ń fẹ̀yìn rìn, aṣọ ń wọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ojú méjèèjì náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi dé ojú ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ó gba inú àgbàlá lọ tààrà. Ó ṣí ṣáláńgá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìgbẹ́ màlúù síta. Dwarka sáré jáde láti ìdí ààrò.

“Ìyàwó, ṣé orí ẹ dàrú ni? Kí la máa fi dáná nígbà òjò?”

“Mo rí i, Ìyá.”

“O rí kí ni?”

“Ó ń wò mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ Bhimrao dà bí ewúrẹ́ Hirabai, ẹ kó ìgbẹ́ yín padà.”

Dwarka ní ogójì ọdún lòun ti ń lọ sẹ́yìn oko, ẹranko kankan kò sì béèrè orúkọ òun rí. Ó jókòó, kò ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí Sugandha bá ti ọwọ́ bọ àárín ìgbẹ́ náà ni àyà rẹ̀ ń já nítorí ejò. Ó kó o tán, ó gbálẹ̀, ó da omi sí i.

Nírọ̀lẹ́, Dwarka gbé agolo tirẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Kò sí obìnrin kankan níta. Ìròyìn àmọ̀tẹ́kùn náà ti tàn, oníkálukú ti tilẹ̀kùn. Ó dúró, ó wo oko ìrèké títí. Lẹ́yìn náà ló padà, ó gba iwájú igi tulsi kọjá láì gbójú sókè, ó wọ ṣáláńgá, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ra.

“Ìyàwó.”

“Ìyá.”

“Má lọ o. Ibí dà bí ìsàlẹ̀ kànga. Máa sọ̀rọ̀, kí n máa gbóhùn ẹ.”

Sugandha fẹ̀yìn ti páànù ara ṣáláńgá náà, ó kọjú sí ọgbà. Ó sọ̀rọ̀ nípa àlùbọ́sà tó wọ́n, ó sọ̀rọ̀ nípa orúkọ ọmọ. Ewé gbígbẹ dún lẹ́yìn ọgbà.

“Ìyá, ẹ ṣe kíá.”

“Ṣé wọ́n ń lé èèyàn nídìí èyí ni?”

Ewé tún dún, ó ti sún mọ́ wọn. Sugandha já wọlé bá ìyá ọkọ rẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì fi gbogbo ara tì í. Dwarka lóṣòó síbẹ̀, ó di etí aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú. Kò bínú. Àwọn méjèèjì pa ẹnu mọ́, wọ́n ń fetí sílẹ̀.